Kókó Lára Ajá, Egbò Létí Ológbò: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Jẹjẹrẹ

Ajá a máa ní jẹjẹrẹ. Ológbò náà a máa ní in. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ajá tí a mọ̀ nígbà kan kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kò bá pa á ní kékeré, digbòlugi ń bẹ níwájú. Èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ digbòlugi, mọ́tò a gbá a. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀, ara àgbà ni ó sábà ń wá. Ní báyìí tí a ń sin Alsatian, Rottweiler àti Boerboel nínú ọgbà, tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lákòókò, tí ajá ń pé ọdún mẹ́wàá, tí ológbò ń pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àìsàn tí kò ráyè yọjú tẹ́lẹ̀ ti ráyè. Kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó ni ó kó o dé, kì í sì í ṣe ẹni kan ni ó fi ránṣẹ́.

Àṣìṣe méjì ni ó gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé dókítà ẹranko tí ó bá mọṣẹ́ yóò fojú rí jẹjẹrẹ, pé kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn gbà pé bí wọ́n bá ti lè dárúkọ jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe, kí wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́ ikú kí wọ́n sì lọ gbẹ́lẹ̀. Èkejì ló burú jù, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lára ajá ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí oògùn tètè ń ṣẹ́gun. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ohun tí ó yẹ ká béèrè ni pé irú èwo ni, ibo ni ó dé, báwo ni ó ṣe ń yára sí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Sẹ́ẹ̀lì ni ohun abẹ̀mí tí ó kéré jù lọ nínú ara. Àìmọye rẹ̀ ló para pọ̀ di awọ, ẹ̀jẹ̀, egungun àti ìfun. Ògbólógbòó ń kú, tuntun ń rọ́pò rẹ̀, nínú ajá, nínú ológbò, nínú èmi àti ẹ̀yin. Àṣẹ tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó àkókò láti pín sí méjì, tàbí pé ó tó àkókò láti kú, wà nínú DNA rẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, àṣìkọ a máa wọ inú àṣẹ náà díẹ̀díẹ̀. Oòrùn lè fà á, fáírọ́ọ̀sì lè fà á, ajá lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láìsí ohun kan tí a lè nàka sí. Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan bá kọ̀ tí kò kú mọ́, tí ó sì ń pín láìdúró, kókó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo kókó kọ́ ni jẹjẹrẹ. Éwo a máa wú. Ibi tí eégbọn ti bu ajá jẹ a máa wú. Ọ̀rá a máa ṣù jọ lábẹ́ awọ ajá àgbà, kí ó wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ láìpa á lára. Ohun tí ó ya jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ ni pé kì í mọ ààlà: yóò wọ inú ẹran ara tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì gba inú ẹ̀jẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ẹ̀dọ̀, sí egungun.

Ojú àti ọwọ́ kò tó

Ìbéèrè ni àyẹ̀wò fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ rí i? Ṣé ó ń tóbi? Ṣé ajá ṣì ń jẹun, àbí ó ń rù? Bí ó bá jẹ́ abo, ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀? Oògùn wo ni ẹ ti fún un? Lẹ́yìn èyí ni dókítà yóò fọwọ́ wá gbogbo ara, kì í ṣe ojú kókó nìkan. Yóò tẹ abẹ́ àgbọ̀n, iwájú èjìká, abẹ́ abíyá, itan àti ẹ̀yìn orúnkún, nítorí pé àwọn kókó kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ ara, tí wọ́n máa ń wú bí àrùn tàbí jẹjẹrẹ bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Bí gbogbo wọn bá wú lẹ́ẹ̀kan náà láìdun ajá, lymphoma ni dókítà yóò kọ́kọ́ rò, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara. Yóò fi rúlà wọn kókó, yóò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ó wà.

Ibi tí ọwọ́ mọ nìyẹn. Kò sí àgbà dókítà tí ó lè fọwọ́ kan kókó kí ó sọ irú rẹ̀ dájú. Ẹ wo jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní mast cell tumour, tí ó wọ́pọ̀ lára ajá, pàápàá irú Boxer. Ó lè rọ̀ lọ́wọ́ gẹ́lẹ́ bí kókó ọ̀rá ṣe ń rọ̀. Ó lè wú lónìí kí ó fà lọ́túnla, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kún fún histamine, èròjà kan náà tí í mú ara wa wú tí ó sì ń yún wa nígbà tí kòkòrò bá ta wá. Alájá a rí i pé ó fà, a dúpẹ́, a gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ṣáá, histamine náà yóò tú sínú ara, ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ohun kan wà tí n kò ní fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Abẹ́rẹ́ dexamethasone tàbí hóró prednisolone tí àwọn kan máa ń fún ajá kí dókítà tó rí i, torí pé ó ń fa wíwú, a máa ba àyẹ̀wò lymphoma jẹ́. Kókó yóò fà lóòótọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ajá yóò jẹun, inú gbogbo ilé yóò dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí máíkírósíkóòpù ì bá rí ti pòórá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣẹ́ kù sì lè ti di ọ̀jẹ̀, tí oògùn tí ì bá pa wọ́n kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ àti gíláàsì

Ẹni tí ó bá ti rí gíréédà kòkó lẹ́nu iṣẹ́ yóò tètè lóye àyẹ̀wò tí ó kàn. Gíréédà kì í tú gbogbo àpò sílẹ̀. Irin gígùn oníhò ni yóò tì bọ inú àpò níbi mélòó kan, yóò fa hóró díẹ̀ jáde, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n, yóò wò ó bóyá wọ́n ti bu, bóyá kòkòrò ti jẹ wọ́n. Ohun tí ó rí nínú ìwọ̀nba hóró wọ̀nyẹn ni yóò fi dájọ́ àpò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ dókítà. Kò nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń gún àjẹsára lọ. Dókítà yóò tì í bọ inú kókó, yóò máa tì í síwájú sẹ́yìn, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì yóò wọ ihò rẹ̀. Yóò fi sírínjì fẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, yóò rì í sínú aró. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í kun ajá lóorun fún un. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù: ọ̀rá nìkan, tàbí ọyún, tàbí sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Mast cell tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣòro mọ̀, nítorí àwọn hóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò tí ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Agbára abẹ́rẹ́ ní ibi tí ó mọ. Gíréédà tí irin rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ àpò kò lè mọ ohun tí wọ́n dì síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ kọjá. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ nìkan. Àwọn jẹjẹrẹ tí ó sì ti inú iṣan àti fọ́nrán ara wá máa ń di sẹ́ẹ̀lì wọn mú ṣinṣin, wọn kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí èsì bá ní kò sí nǹkan kan, tí kókó sì ń tóbi sí i, a kò gbọdọ̀ sùn lé e.

Ẹ̀rù tí ó wọ́pọ̀ ni pé bí irin bá kan jẹjẹrẹ, yóò bínú, yóò sì tú ká gbogbo ara. Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ọ̀pọ̀ ẹranko tí wọ́n gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ ni jẹjẹrẹ ti wọ̀ lára tipẹ́, wọ́n kú lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n dá lẹ́bi. Fún kókó orí awọ, ewu yìí kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu àìmọ̀. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wà lára àwọn tí dókítà kì í fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kàn, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí ó gba awọ ikùn wọ ibẹ̀ lè fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó hù níbẹ̀. Ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà fún èyí. Ní 2015, àwọn olùwádìí rí i pé àṣìkọ kan náà nínú jíìnì tí ń jẹ́ BRAF wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ajá tí ó ní jẹjẹrẹ yìí, a sì lè wá àṣìkọ náà rí nínú ìtọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n gé, kí wọ́n má sọ ọ́ nù

Bí abẹ́rẹ́ kò bá tó, dókítà yóò gé díẹ̀ nínú kókó, tàbí kí ó yọ gbogbo rẹ̀. Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Wọ́n á yọ kókó, wọ́n á rán ojú ọgbẹ́, wọ́n á ju kókó sí ààtàn, alájá á sì sanwó láìmọ ohun tí ó sanwó lé lórí. Inú fọ́máàlínì ni ó yẹ kí kókó wọ̀, kì í ṣe inú omi, kì í sì í ṣe inú fìrísà tí yìnyín yóò ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́wàá ẹran ni fọ́máàlínì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ike ẹlẹ́nu gbígbòòrò ni kí wọ́n lò, nítorí pé ẹran tí ó rọ̀ nígbà tí ó ń wọ ìgò ẹlẹ́nu tóóró yóò ti le gbagidi kí wọ́n tó fẹ́ yọ ọ́.

Ní láàbù, wọ́n á fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìda dí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ. Ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to 200 rẹ̀ lé ara wọn, gíga wọn kò ní ju mílímítà kan lọ. Aró méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Hematoxylin, tí wọ́n ń fà láti ara igi kan tí ó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, ni yóò pa kóró inú sẹ́ẹ̀lì láró. Eosin ni yóò pa ìyókù ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Dókítà tí ó ń kà á yóò wo bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe jọra sí, bóyá kóró wọn tóbi ju bó ti yẹ lọ, iye tí ó wà lẹ́nu pípín, àti bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni kí alájá má ṣe gbàgbé láti béèrè. Bí jẹjẹrẹ bá kan etí ibi tí wọ́n gé, ó ṣeé ṣe kí apá kan rẹ̀ ṣì wà lára ajá.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ìpele rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe le tó. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ọlọ́run ló sọ ìpele kalẹ̀. Ní 1984, Patnaik àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín mast cell tumour sí ìpele mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìpele kejì kò lójú: dókítà méjì á wo gíláàsì kan náà, wọn ò ní fẹnu kò. Ní 2011, Kiupel àti àwọn tirẹ̀ dá a sí méjì péré, èyí tí ó le àti èyí tí kò le. Ọ̀pọ̀ láàbù ń kọ méjèèjì sínú èsì báyìí, nítorí náà kí ó má ya yín lẹ́nu bí ìwé kan bá ní ìpele oríṣi méjì.

Ibi tí ó rìn dé ló kù. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ wo àwọn kókó tí ń ṣọ́ ara tí ó sún mọ́ ọn, wọ́n á ya àyà ní X-ray lọ́nà mẹ́ta, ọ̀tún, òsì àti ìfẹ̀yìnlélẹ̀ tàbí ìdàyàdélẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń sún kì, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì fara pamọ́. Wọ́n á ṣe sìkáànì ikùn. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ kì í sábà rí jẹjẹrẹ, àyàfi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí calcium ga ju bó ti yẹ lọ kí dókítà sì fura sí lymphoma. Ohun tí ó ń sọ ni bóyá kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá lè gba oògùn.

Jẹjẹrẹ tí ajá ń kó ran ajá

Bí abo ajá bá ń kán ẹ̀jẹ̀ lójú ara fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á ní nǹkan oṣù rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ akọ, wọ́n á ní àtọ̀sí ni. Wọ́n á fún un ní kápúsù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Lóòótọ́, abo ajá a máa kán ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gba akọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ni. Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n là á wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kókó pupa kan wà nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ rí gbákugbàku, tí ó ń fọ́ tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ọwọ́ bá kàn án. TVT ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é. Ó wọ́pọ̀ níbi gbogbo tí ajá bá ti ń rìn kiri láìní ìjánu, ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn.

Jẹjẹrẹ ni, ó sì ń ràn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yẹ kí ó wà nínú gbólóhùn kan, nítorí pé jẹjẹrẹ kì í ràn. Ṣùgbọ́n èyí kò gba ọ̀nà tí àrùn mìíràn ń gbà. Kì í ṣe kòkòrò, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ láàyè láti ara ajá kan sí ara ajá kejì nígbà tí akọ bá gun abo, tí ó sì ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ajá bá ń lá ojú ara ẹlòmíràn tàbí tí ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó lè wọ̀ ọ́ ní imú tàbí ní ẹnu. Ajá kan wà tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ní ẹnì kan ló ju nǹkan lù ú. Irú rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò fún TVT.

Ní 1876, dókítà ẹranko ará Rọ́ṣíà kan, Mstislav Novinsky, mú kókó yìí láti ara ajá kan, ó fi sí ara òmíràn, ó sì hù. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ènìyàn ṣí jẹjẹrẹ nípò láti ara ẹranko kan sí ara òmíràn tí ó sì gbilẹ̀. Ó tó ìgbà tí DNA di kíkà kí wọ́n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní 2006, Robin Weiss àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé DNA kókó tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ ara wọn, kò sì jọ ti ajá tí wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí ó fi di 2014, Elizabeth Murchison àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka gbogbo DNA kókó méjì, ọ̀kan láti Ọsirélíà, èkejì láti Bùràsíìlì. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ní 2019, ẹgbẹ́ kan náà ní Cambridge tẹ ìwádìí kókó 546 láti orílẹ̀-èdè 43 jáde. Ìṣirò wọn fi hàn pé láti ara ajá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀, láàárín 4,000 sí 8,500 ọdún sẹ́yìn, ó sì dàbí pé ní Éṣíà ni. Nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni ó gba orí omi dé Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Ajá náà ti kú kí ẹnikẹ́ni tó yọ́ irin ní ilẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pín lára ajá tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran. Kúrómósómù, ìyẹn àwọn ìdì tí DNA pín sí nínú sẹ́ẹ̀lì, 78 ni ajá ní. TVT ní nǹkan bí 57 sí 64. Nínú ìtàn gbogbo ẹranko ọlọ́mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú èyí tí a mọ̀. Ẹranko kan ní Tasmania, tí wọ́n ń pè ní Tasmanian devil, ní tirẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 1996, gígé ojú ara wọn jẹ ni ó fi ń ràn, ó sì ń pa wọ́n.

TVT kì í sábà pa ajá. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì wọ́n: dókítà yóò fi gíláàsì tẹ ojú kókó, yóò pa á láró, yóò rí àwọn sẹ́ẹ̀lì róbótó tí ihò wẹ́wẹ́ funfun tò sí inú wọn. Oògùn rẹ̀ ni vincristine, tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Ajá tí ó lé ní 90 nínú 100 ni ara wọn ń yá. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ láàárín rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ náà má sì bọ́ sí ìta iṣan, nítorí pé ẹran ara tí ó bá kàn yóò jẹrà. Ara òdòdó kan tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri ìlú wa, Catharanthus roseus, aláwọ̀ osùn tàbí funfun, ni wọ́n ti ń yọ vincristine. Kí ẹnikẹ́ni má wá já a kí ó sè é fún ajá mu o. Ewé púpọ̀ jọjọ ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí oògùn díẹ̀, ìyókù inú rẹ̀ sì jẹ́ májèlé.

Iṣẹ́ abẹ nìkan kì í tó, kókó a máa padà hù. Bí ajá mẹ́ta bá wà nínú ọgbà, kí wọ́n yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ènìyàn kì í kó o, ológbò kì í kó o.

Ológbò ní tirẹ̀

Ológbò kì í ké. Yóò fara pamọ́ sẹ́yìn àpótí, yóò dín oúnjẹ kù, ìgbà tí a bá fi mọ̀, ó ti rù. Kókó ọmú fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òun àti ajá: lára ajá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó jẹ́ jẹjẹrẹ, lára ológbò, ó lé ní 80 nínú 100. Nítorí náà, a kì í dúró wo kókó ọmú ológbò, kódà bí kò bá tóbi ju ẹ̀wà lọ. Abo ológbò tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà kì í sábà ní in. Àwọn tí ó ní kí ó bímọ lẹ́ẹ̀kan ná kí ara rẹ̀ lè le ń sọ ohun tí ìwádìí kò tì lẹ́yìn.

Ológbò funfun kò ní ohun dúdú tí í gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Egbò kékeré a yọ ní ṣóńṣó etí tàbí lórí imú, a gbẹ, a tún là, títí oṣù mélòó kan. Wọ́n á pè é ní èkúrú tàbí ọgbẹ́ ìjà. Egbò etí ológbò funfun tí kò jinná láàárín oṣù kan, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí pé jẹjẹrẹ awọ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ṣì kéré, gígé ṣóńṣó etí nìkan lè parí rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú tó tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kò kéré.

Fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Glasgow ní 1964, William Jarrett, dókítà ẹranko, ẹni tí ó kíyè sí i pé lymphoma ń pa ológbò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan náà, rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní FeLV. Inú itọ́ ni ó ń gbà, nígbà tí ológbò bá ń lá ara wọn tàbí tí wọ́n ń jẹ nínú àwo kan. Àjẹsára rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985. Ìkán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára fúnra rẹ̀ ní ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní 1991, Mattie Hendrick àti Michael Goldschmidt ní Pennsylvania kọ̀wé pé jẹjẹrẹ kan ń yọ ní ojú ibi tí wọ́n ti gún ológbò lábẹ́rẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, digbòlugi sì burú jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ sá fún àjẹsára. Ohun tí ó yí padà ni pé wọ́n ń gún un nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, níbi tí iṣẹ́ abẹ ti rọrùn, dípò àárín èjìká. Kókó ojú abẹ́rẹ́ tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, tàbí tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tàbí tí ó ṣì ń tóbi lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lára ajá, ohun tí ó máa ń rò ni pé wọ́n de ajá mọ́lẹ̀, wọ́n gún un ní jẹjẹrẹ. Eku ni wọ́n sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ajá inú ìwádìí wọ̀nyí jẹ́ ajá onílé, tí àìsàn rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, tí alájá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fún un ní oògùn, tí ó sì ń bá alájá padà sílé. Ìdí tí àwọn dókítà ènìyàn fi ń fẹ́ rí wọn ni pé ajá ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa, ó ń mí afẹ́fẹ́ wa, ó sì ń tètè darúgbó. Ohun tí ì bá gba ọdún mẹ́wàá kí a tó rí i lára ènìyàn lè hàn lára ajá láàárín ọdún kan sí méjì.

Jẹjẹrẹ egungun ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Rottweiler ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, wọ́n á máa fi òrí pa á, ẹsẹ̀ á wú. Àìsàn yìí jọ èyí tí ń mú àwọn ọ̀dọ́ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún débi pé, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, Stephen Withrow àti àwọn tirẹ̀ fi ajá kọ́ ọ̀nà tí a fi lè yọ egungun tí ó bàjẹ́ láìgé ẹsẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ènìyàn sì kọ́ nínú rẹ̀. Ní 2003, National Cancer Institute ti ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n tẹ gbogbo DNA ajá jáde, abo Boxer kan tí ń jẹ́ Tasha ni wọ́n kà. Láti 2012, Morris Animal Foundation ń tẹ̀ lé Golden Retriever tí ó lé ní 3,000, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn lọ́dọọdún, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n jẹ àti ibi tí wọ́n sùn sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó ṣáájú jẹjẹrẹ.

Alsatian náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1985, àwọn dókítà ẹranko ní Norway ṣàlàyé jẹjẹrẹ kíndìnrín kan tí ń rìn nínú ìdílé Alsatian, tí kókó líle wẹ́wẹ́ sì máa ń yọ sí awọ ajá pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2003, wọ́n rí i pé jíìnì tí ó bàjẹ́ lára wọn ni irú rẹ̀ bàjẹ́ lára àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń jogún jẹjẹrẹ kíndìnrín. Ẹni tí ó ń fi Alsatian bímọ tà, tí ó bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára akọ rẹ̀, kí ó dá a dúró.

Níbí, ohun tí ó ń dín ẹ̀kọ́ kù ni pé ajá máa ń kú láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) ní Abẹ́òkúta, ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti la òkú ẹranko wò, kí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Òkú náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé nínú ooru ilẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ fi yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé e, ẹ má ṣe gbé e sínú fìrísà, ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà bí ọ̀rọ̀ digbòlugi bá wà níbẹ̀.